Ìsinmi lórí ọkọ̀ onígbòkun: bí ẹ ṣe máa gbéra láti Èkìtì tí ẹ ò fi ní kábàámọ̀

Ẹnì kan fowó pamọ́ fún ọdún méjì, ó ní òun fẹ́ lọ sinmi lórí òkun. Ó rí àwòrán ọkọ̀ ńlá lórí Instagram, ó sanwó, ó lọ. Nígbà tó dé, ó ní òde ìgbéyàwó lòun bá dé: wọ́n tò fún oúnjẹ, wọ́n tò fún àga lẹ́bàá omi, orin ò sì dákẹ́ títí di òru. Icon of the Seas, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, lè kó èrò tó 7,600, àwọn òṣìṣẹ́ ò sí nínú iye yẹn. Abúlé mélòó ní Èkìtì ló lérò tó bẹ́ẹ̀?

Ẹlòmíràn rò ó dáadáa, ó ní ọkọ̀ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ rìn lòun fẹ́. Àmọ́ ó gbé àpótí onítáyà ńlá méjì dání, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń gbéra gan-an ló dé èbúté, físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan ló gbà fún ìrìn àjò tó kan orílẹ̀-èdè méjì. Òun náà ò gbádùn. Mo mọ̀ nípa èyí dáadáa, torí mo ti jẹ nínú ìyà náà.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá lórí ọkọ̀ onígbòkun. Nítorí náà, ẹ ṣáà máa fi àyè sílẹ̀: àyè nínú ọjọ́, àyè nínú owó, àyè nínú ẹrù, àyè nínú ikùn pàápàá. Ibi tí ẹ bá ti fún ètò yín pọ̀ jù ló máa já.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé ìrìnnà tó ṣì máa wúlò fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá padà, kí ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta sì ṣófo nínú rẹ̀.
- Káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, ìyẹn yẹ́lò káàdì. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ẹ má fi di ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ.
- Ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá láti ibi iṣẹ́, kódà tó bá jẹ́ pé òru mẹ́ta péré lẹ máa lò lórí omi.
- Owó ọ̀nà mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ọkọ̀, ti ọkọ̀ òfurufú àti físà, àti ti ohun tí ẹ ò retí.
- Báàgì rírọ̀ kan. Ọ̀kan.
- Ẹnì kan nílé tó máa ní ẹ̀dà gbogbo ìwé yín lọ́wọ́.

1. Ẹ dán ara yín wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Èkìtì ò ní òkun, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ bí inú wa ṣe máa rí tí ilẹ̀ bá ń lọ sókè sódò lábẹ́ ẹsẹ̀. Àmọ́ ìdánwò kan wà nítòsí tí kò ná yín ju owó mọ́tò lọ. Ẹ wọ mọ́tò gba kọ́nà òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ máa wo fóònù. Tí itọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹnu, tí òógùn tútù bo iwájú orí, ẹ wà lára àwọn tí òkun máa ń yọ lẹ́nu. Ohun kan náà ló ń fa méjèèjì: inú etí ń sọ fún ọpọlọ pé à ń mì, ojú tó tẹjú mọ́ fóònù ń sọ pé a ò mì, ọpọlọ ò wá mọ èyí tó máa gbà gbọ́, ni ikùn bá dá sí i.

Ìdánwò kejì wà ní Èkó. Tí nǹkan bá gbé yín lọ síbẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Victoria Island lọ sí Tarkwa Bay. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so ó dáadáa. Ẹ má tẹ̀lé awakọ̀ tí kò bá ní in fún yín. Ìgbì díẹ̀ máa ń wà lọ́hùn-ún, nítorí ẹnu òkun ni.

Ẹ kò ní láti mọ lúwẹ̀ẹ́ kí ẹ tó lọ, ṣùgbọ́n ìdajì ìgbádùn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ni pé wọ́n á dúró níbi tí omi ti mọ́, ẹ ó sì fò wọlé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti Ìkògòsì dára fún kíkọ́ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ kàn má retí pé bẹ́ẹ̀ ni òkun ṣe máa rí.

Àyẹ̀wò: tí ẹ bá ti Tarkwa Bay dé tí ẹ sì jẹun ọ̀sán láìbojú wẹ̀yìn, òkun èyíkéyìí ṣí sílẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá bì lẹ́ẹ̀kan, ẹ yan etíkun tó ní erékùṣù tó ń dá ìgbì dúró. Tí ẹ bá bì lọ, tí ẹ tún bì bọ̀, odò ni kí ẹ lọ, ẹ fi òkun sílẹ̀ ná.

2. Ẹ yan irú ọkọ̀ kí ẹ tó yan ìlú

Àwa èèyàn máa ń yí i sódì. A óò kọ́kọ́ sọ pé Tọ́kì la fẹ́ lọ, ìgbà tí a bá dé èbúté la ó tó mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé wa sí. Mẹ́rin ni mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni *felucca* ti odò Náílì, láti Aswan ní Íjíbítì. Ọkọ̀ kékeré onígbòkun ńlá kan ṣoṣo ni. Kò ní yàrá. Orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ sórí ọkọ̀ lẹ máa sùn, ìràwọ̀ ni àjà yín. Púpọ̀ nínú wọn ò ní ilé ìyàgbẹ́, etídò ni wọ́n ti ń dúró fún un. Òru kan tàbí méjì tó. Kò sí ìgbì rárá. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni ọgbọ́n odò náà: omi ń ṣàn lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń fẹ́ láti àríwá bọ̀, nítorí náà omi ló ń gbé atukọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e bọ̀. Oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin ló dára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ooru Aswan ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius.

Èkejì ni *gulet* ti Tọ́kì, ọkọ̀ onígi tó lópòó méjì, tí ó sábà máa ń ní yàrá mẹ́rin sí mẹ́jọ. Bodrum, Marmaris àti Fethiye ni wọ́n ti ń gbéra, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Ẹ lè gba odindi ọkọ̀ pẹ̀lú ẹbí, ẹ sì lè gba yàrá kan péré. Èyí tí àwọn ọ̀dọ̀ máa ń lọ jù ni òru mẹ́ta láti Fethiye sí ọ̀nà Olympos. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: lórí ọ̀pọ̀ *gulet*, ọ̀ṣọ́ lásán ni ìgbòkun. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á ta ìgbòkun fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ lè ya fọ́tò, wọ́n á ká a.

Ẹ̀kẹta wà ní Maine, ní Amẹ́ríkà, ní èbúté Rockland àti Camden. Àwọn ọkọ̀ onígi tó ti pẹ́ ló wà níbẹ̀, Stephen Taber àti Lewis R. French ti wà lórí omi láti 1871. Méjèèjì ò ní ẹ́ńjìnnì nínú. Tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀, ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ kan ló ń ti wọn láti ẹ̀yìn bí ìgbà tí a bá ń ti mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ kú. Èrò ibẹ̀ kì í sábà ju ọgbọ̀n lọ, òru mẹ́ta sí mẹ́fà ni, láti ìparí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹwàá. Kò sí ìwé tó sọ ibi tí ẹ máa sùn lọ́la. Láàárọ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ máa gbójú sókè, á wo afẹ́fẹ́, á sì sọ fún yín. Tí ẹ bá ní kí n sọ èyí tó jẹ́ ìsinmi onígbòkun pátápátá, òun ni. Ẹni tí físà Amẹ́ríkà bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni kó fi ṣe àkọ́kọ́. Ẹ má san owó ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ wá físà yẹn.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Star Clippers. Royal Clipper lópòó márùn-ún àti ìgbòkun 42, ó sì ń gba èrò 227. Àwọn méjì yòókù, Star Flyer àti Star Clipper, kéré sí i. Yàrá gidi, balùwẹ̀ gidi, ibi lúwẹ̀ẹ́, ètò ìlú tí ó ti wà nílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé màmá tàbí bàbá yín dání, èyí ni kí ẹ lọ. Ẹ má mú àgbà tí orúnkún ń dùn sọ̀ kalẹ̀ nínú àkàsọ̀ tó dúró ṣánṣán lóru tó ń wá ilé ìtọ̀.

Èmi o, *gulet* òru mẹ́ta ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló ń rìn, ìlú ò jìnnà, tí ara bá kọ̀ ẹ lè sọ̀ kalẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá jókòó tì yín, láìwo fóònù: èèyàn mélòó ló máa wà nínú ọkọ̀ yín, orí kí lẹ máa sùn, ẹ́ńjìnnì àbí afẹ́fẹ́ ló máa gbé yín jù. Tí ọ̀kan bá ṣòro dáhùn, ẹ ò tíì yan nǹkan kan.

3. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ìbéèrè kìíní: ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ máa ń ta ìgbòkun nínú ìrìn àjò kan, fún wákàtí mélòó? Ẹni tó bá dáhùn pé "ó dá lórí afẹ́fẹ́" tó sì ṣàlàyé, ó ṣeé gbọ́. Ẹni tó bá dáhùn pé oúnjẹ àwọn dùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Ìkejì: kí ni owó yìí ò kó mọ́ra? Ẹ má kàn bi wọ́n pé kí ló kó mọ́ra, nítorí wọ́n á ka oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ fún yín bí ẹni ń ka oríkì. Lórí ọ̀pọ̀ *gulet*, ohun mímu ò sí nínú owó, ibòmíràn omi inú ìgò pàápàá ò sí nínú rẹ̀. Owó èbúté ńkọ́? Owó ìwọlé ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ńkọ́? Táwẹ̀lì ńkọ́?

Ìkẹta: balùwẹ̀ mélòó fún èèyàn mélòó, ṣé inú yàrá ló wà àbí ti gbogbo ayé ni?

Ìkẹrin, fún ẹni tó ń dá lọ: ṣé ẹ máa fi mí pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn nínú yàrá, àbí mo máa san owó èèyàn méjì? Ọ̀pọ̀ yàrá orí ọkọ̀ ni wọ́n dá iye rẹ̀ lé èèyàn méjì. Obìnrin tó ń dá lọ ní ẹ̀tọ́ láti ní òun ò bá ọkùnrin pín yàrá; ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ ketekete.

Ìkarùn-ún: tí afẹ́fẹ́ bá le jù, ta ló ń pinnu pé a ò gbéra, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí owó mi?

Ìkẹfà: ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ọkọ̀ dà? Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣọ́ etíkun ló ń fúnni, inú ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí kí èrò lè rí i. Bí ẹ bá ń rí ọkọ̀ kékeré tó ní èèyàn méjìlá péré lòun ń gbà, ẹ má yà á sí ìwà ìgbéraga. Òfin òkun àgbáyé ló ka ọkọ̀ tó bá gbé ju èrò méjìlá lọ sí ọkọ̀ akérò gidi, tí òfin rẹ̀ sì le ju ti àwọn kékeré lọ.

Ìkeje ni ti oúnjẹ. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ẹ̀pà ò bá lára mu, kó sọ nísinsìnyí. Ilé ìdáná orí ọkọ̀ kì í ju igun kan lọ, kò sì sí ọjà láàárín òkun. Iyán ò sí, ẹ má bi wọ́n. Ibi tí wọ́n máa gbé odó sí pàápàá ò sí.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn kan tó máa ń fara pamọ́ sísàlẹ̀ ìwé àdéhùn: "ọkọ̀ yìí tàbí irú rẹ̀". Gbólóhùn yẹn ló gba owó mi lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí mo rí nínú àwòrán ń dán bí àwo tuntun. Èyí tí mo bá ní èbúté, ẹ̀rọ omi ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ ti kú. Mo fi ìwé hàn wọ́n, wọ́n fi ìlà kẹrìnlá hàn mí. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ náà sínú ìwé owó yín, kí wọ́n sì yọ "irú rẹ̀" kúrò. Tí wọn ò bá yọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní.

Nípa sísanwó, ẹ lọ bá báńkì yín ṣáájú, ẹ bi wọ́n nípa PTA, ìyẹn owó ilẹ̀ òkèèrè tí báńkì ń tà fún arìnrìn-àjò, àti iye tí káàdì yín lè san lókèèrè lóṣù. Ẹ má san án sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí ó máa pè yín ní ọ̀rẹ́ tó lórí WhatsApp.

Àyẹ̀wò: ìwé kan wà nínú ímeèlì yín tó ní orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ méjèèjì, orúkọ èbúté, ohun tí owó ò kó mọ́ra, àti bí owó ṣe ń padà. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù kì í ṣe rìsíìtì.

4. Físà, ọjọ́, àti ọ̀nà Èkó

Ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà wà ní Adó-Èkìtì, ẹ ò ní láti forí ti Àkúrẹ́ tàbí Èkó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ìwé ìrìnnà olójú ewé 32 fún ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni olójú ewé 64 fún ọdún mẹ́wàá.

Àṣìṣe físà tó wọ́pọ̀ jù ni pé omi ò ní bọ́dà lójú wa. Ẹ wo máàpù: erékùṣù Kos dojú kọ Bodrum, Rhodes sì dojú kọ Marmaris, ṣùgbọ́n Gíríìsì ló ni erékùṣù méjèèjì. Tí ọkọ̀ yín bá máa sọdá síbẹ̀, ẹ nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù pa pọ̀. Tí ẹ bá sì máa padà sí Tọ́kì, ẹ nílò àṣẹ àtúnwọlé sí Tọ́kì. Bákan náà ni Kroéṣíà: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023 ló ti wọ Schengen, Montenegro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti Dubrovnik ní Kroéṣíà lọ sí Kotor ní Montenegro tó tún padà ti jáde ní Schengen, ó tún ti wọ̀ ọ́. Físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan máa fi yín sílẹ̀ ní Kotor. Owó físà Schengen jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, wọ́n sì máa béèrè ìwé ìbánigbófò ìlera tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán. Ẹ yẹ ìwé ìbánigbófò náà wò bóyá ó gba ìrìn àjò orí ọkọ̀ onígbòkun. Àwọn kan yọ ọ́ sílẹ̀.

Nípa ọjọ́, òfin mi nìyí: ọjọ́ méjì ṣáájú, ọjọ́ kan lẹ́yìn. Ká ní ọkọ̀ ń gbéra ní Fethiye lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ kúrò ní Adó lọ́jọ́rú, ẹ sùn ní Èkó. Ẹ fò lọ sí Istanbul lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ sì bá ọkọ̀ òfurufú mìíràn lọ sí Dalaman, pápákọ̀ tó sún mọ́ Fethiye. Ẹ fi ọjọ́ Ẹtì sùn, ẹ rìn díẹ̀, ẹ lọ wo ọkọ̀ ní èbúté. Lọ́jọ́ Túsìdé tí òru mẹ́ta pé, ẹ má rà tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ yẹn. Ọjọ́rú ni kí ẹ fi sí.

Ẹ má gbéra ní Adó láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fò. Mo ṣe é. Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo jáde, ọkàn mi balẹ̀. Níbi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti mú wa ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo ń gbọ́ tí dẹ́rẹ́bà ń sọ pé "kò ní pẹ́ ṣí". Ìgbà tó ṣí, ọkọ̀ òfurufú mi ti wà lójú ọ̀run. Ọkọ̀ onígbòkun kì í dúró de ẹnikẹ́ni, torí èrò yòókù ti sanwó, afẹ́fẹ́ náà ò sì dúró.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka tọ ìrìn àjò náà lórí máàpù, bọ́dà kọ̀ọ̀kan ní físà tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín: tí ọkọ̀ òfurufú bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ṣé mo ṣì máa bá ọkọ̀ ojú omi? Bẹ́ẹ̀ ni gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdáhùn.

5. Ẹrù: báàgì Ghana-must-go sàn ju àpótí lọ

Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Yàrá orí ọkọ̀ kékeré lè má fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì kan àti ibi ìdúró lọ. Báàgì tó ṣófo ni ẹ máa ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí líle ò ṣeé ká, inú yàrá ló máa bá yín sùn. Kìlógíráàmù mẹ́wàá tó fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ kó aṣọ tó tètè ń gbẹ, aṣọ lúwẹ̀ẹ́ méjì, sùẹ́tà kan, kóòtù òjò kan. Sùẹ́tà yẹn, ẹ má rò pé ooru ló wà níbi gbogbo; alẹ́ orí omi máa ń tutù, ti Maine sì ju ọyẹ́ wa lọ. Ẹ mú bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun tí kò ń yọ̀, kò gbọ́dọ̀ fa ìlà dúdú sórí pákó. Lórí *gulet*, ẹ máa bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn bí ẹni wọ mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi rìn títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí wúlò gan-an. Páwà báǹkì, ẹ ò nílò kí ń sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, àwa ló yẹ ká kọ́ àwọn èrò yòókù bí wọ́n ṣe ń gbé bẹ́ẹ̀. Ìpara oòrùn náà ṣe pàtàkì. Oòrùn ń ti òkè bọ̀, ó tún ń ti ojú omi ta padà, àwọ̀ dúdú náà ń jóná.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ di irun yín kí ẹ tó kúrò nílé. Wíìgì kì í bá afẹ́fẹ́ òkun jà kó borí. Ẹ̀yin ọkùnrin, fìlà tí kò ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, òkun ló rà á.

Ìgò ata gígún kékeré kan kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹran gbígbẹ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kì í jẹ́ kó wọlé, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ di báàgì náà tán, ẹ fi ọwọ́ kan gbé e gun àtẹ̀gùn ilé, kí ọwọ́ kejì wà lára ògiri. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ tú u, ẹ yọ nǹkan mẹ́ta kúrò.

6. Ikùn

Àṣìṣe gbogbo ayé: wọ́n á dúró dìgbà tí èébì bá dé kí wọ́n tó lo oògùn. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Oògùn náà gan-an ni ẹ máa bì. Ẹ lọ bá apòògùn ní Adó, kí ẹ sọ oògùn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ fún un, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ojú àti àìrítọ̀ tọ̀ dáadáa, aláboyún náà sì gbọ́dọ̀ sọ. *Cinnarizine*, *promethazine* àti *dimenhydrinate* ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Gbogbo wọn lè kun èèyàn lóorun, *promethazine* ló burú jù. Nítorí náà, ẹ lo ọ̀kan nílé lọ́jọ́ ìsinmi láti mọ bó ṣe ń ṣe yín. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ọtí.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń gbéra, ẹ lò ó ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú, tàbí bí apòògùn bá ṣe sọ. Ẹ jẹun díẹ̀. Ikùn òfìfo máa ń bì, ikùn tó kún fún ẹ̀gúsí elépo náà máa ń bì. Búrẹ́dì gbígbẹ, bisikí, atalẹ̀ tí ẹ ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ẹ jáde kúrò nínú yàrá kíá, ẹ dúró láàárín ọkọ̀ níbi tí mímì rẹ̀ ti kéré jù, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run. Ẹ ní kí ọ̀gá ọkọ̀ jẹ́ kí ẹ di ìtọ́kọ̀ mú. Ó máa ń ṣiṣẹ́, nítorí ojú yín máa fẹ́ wo iwájú ni.

Tó bá sì dandan kí ẹ bì, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó ti ń bọ̀. Ẹ mọ ẹni tó tutọ́ sókè tó sì fojú gbà á; èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò: ní wákàtí kẹta lórí omi, ṣé ẹ ti mu omi, ṣé ó dúró? Tí omi ò bá dúró nínú yín fún odindi ọjọ́ kan, ẹ sọ fún ọ̀gá ọkọ̀, ẹ má ṣe agídí ọmọ Èkìtì.

7. Ọjọ́ kìíní lórí ọkọ̀

Ẹ kí wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ lè ní kí ẹ máa pe òun lórúkọ. Ẹnu yín lè má gbà á. Ẹ pè é ní "Captain", á gbọ́.

Ẹ wo ibi tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà, ẹ gbé ọ̀kan wọ̀ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ ilé ìyàgbẹ́, nítorí ti ọkọ̀ kékeré ò gba ohun tí ẹnu ò kọ́kọ́ jẹ. Tíṣù kì í wọ inú rẹ̀, agbọ̀n ni. Ẹni tó bá dí i, gbogbo ọkọ̀ ló máa mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pá gbọọrọ kan wà ní ìsàlẹ̀ ìgbòkun. Tí afẹ́fẹ́ bá yí ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá náà máa fò láti ọ̀tún sí òsì láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi orí yín sí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má tẹ àárín okùn tí wọ́n ká sílẹ̀, ẹ má sì yí okùn mọ́ ọwọ́. Nígbà gbogbo tí ẹ bá ń rìn, ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, ọwọ́ kan gbé ohun tí ẹ ń gbé.

Ohun tó máa dẹ́rù bà yín jù nìyí: tí wọ́n bá ta ìgbòkun tí afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀, ọkọ̀ máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ife á yọ̀ lórí tábìlì, ẹnì kan á ké "Jésù!" Kò rì. Ẹrù wúwo wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ tó ń fà á padà. Bí ó ṣe ń fì sí i ni ẹrù náà ń fà á sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn.

Tí wọ́n bá ní kí ẹni tó bá wù wá bá wọn fa okùn, ẹ dìde. Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sanwó rẹ̀ gan-an nìyẹn. Èèyàn mẹ́jọ lórí okùn kan, ẹnì kan ń dá orin, ìyókù ń gbè é. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀wẹ̀ rí nílé mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Omi ìwẹ̀ ò pọ̀. Ẹ bu omi sára, ẹ pa á, ẹ fọṣẹ, ẹ tún ṣí i. Ẹni tó ti fi garawa kan wẹ̀ rí ti gba ìwé ẹ̀rí nínú èyí.

Àyẹ̀wò: lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ rìn láti bẹ́ẹ̀dì yín dé ilé ìtọ̀ àti dé ibi láìfù jákẹ́ẹ̀tì láìkọsẹ̀.

8. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣe tiẹ̀

Ó máa ṣẹlẹ̀. Ní òkun Éjíánì, èyí tó wà láàárín Tọ́kì àti Gíríìsì, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní *meltemi* máa ń ti àríwá fẹ́ wá lóṣù keje àti ìkẹjọ, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní Maine, kùrukùru lè bo gbogbo nǹkan láàárọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ á ní a ò lọ síbi tí a kọ sínú ìwé, inú apá omi tó dákẹ́ kan la máa sùn. Ẹ má bá a jà nítorí fọ́tò ibi tí ẹ ti sọ fún àwọn ará ilé pé ẹ ń lọ. Ẹ gbé ayò jáde.

Àwọn ará ilé náà, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé fóònù lè dákẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní sùúrù. Màmá tó bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí kò wọlé ti lè gbé ọ̀rọ̀ yín dé ilé àdúrà kí ẹ tó jí.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ọpẹ́. Ẹ bi ilé iṣẹ́ náà ní iye tó wọ́pọ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì ti yà á sọ́tọ̀ láti ilé. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀gá ọkọ̀ ló ń gbà á pọ̀ fún gbogbo wọn.

Tí ẹ bá dé hòtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ wọ balùwẹ̀, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ di ògiri mú, ẹ má pe dókítà. Ara yín ló ṣì wà lórí omi, á padà dé fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọjọ́ kan tí mo ní kí ẹ fi sẹ́yìn, èyí wà lára iṣẹ́ rẹ̀.